Ẹ Bi Àǹtí Alámọ̀: Medusa, Orí Tó Bú Nínú Iná, àti Ìyàwó Bàbá Kan

Lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ lóṣù yìí pọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bóyá torí mo sọ lóṣù tó kọjá pé kẹ́ ẹ gbé kọ́ọ̀pù àti àwo tì díẹ̀, kẹ́ ẹ mọ ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn, ni gbogbo yín bá ya sídìí ère èèyàn àti ìtàn ìwáṣẹ̀. Ẹni tó ń mọ obìnrin onírù ẹja wà, ẹni tó ń mọ ọkùnrin abìyẹ́ wà, ẹnì kan tiẹ̀ mọ ẹṣin tó lórí ìyàwó ẹ̀ (mi ò mọ̀ bóyá ìyàwó ti rí i). Mi ò lè dáhùn tán, mo ṣa mẹ́fà.

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti wà nídìí amọ̀, ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn Gíríìkì ló sì wù mí jù. Mo mọ Icarus tòun tìyẹ́ ẹ̀, mo mọ Medusa tòun tejò orí ẹ̀. Iṣẹ́ yẹn mọ́, kò sẹ́ni tó ní kò mọ́, àmọ́ ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, “Háà, Medusa nìyẹn!”, wọ́n á sì kọjá lọ. Olùkọ́ mi ní òun ò rí mi nínú ẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wà nínú Medusa? — Ọmọ Alámọ̀

Àbúrò mi, olùkọ́ ẹ ò parọ́, àmọ́ ó yẹ kó sọ ìyókù. Ohun tó ò ń mọ yẹn, orúkọ ni. Ejò lórí, á jẹ́ Medusa, ìyẹ́ lápá, á jẹ́ Icarus, ẹni tó wò ó ti dá orúkọ mọ̀, ojú ẹ̀ ti ríṣẹ́ ṣe tán, kí ló tún fẹ́ dúró wò?

Jẹ́ ká mú Icarus yẹn. Bàbá ẹ̀, Daedalus, ló fi ìyẹ́ àti ìda oyin ṣe apá fáwọn méjèèjì kí wọ́n lè fò kúrò ní erékùṣù Kírétè níbi tí ọba há wọn mọ́, ó kìlọ̀ fọ́mọ pé kó má fò sún mọ́ oòrùn, ọmọ ò gbọ́, ìda yọ́, ó já sókun, ó tán. Gbogbo èèyàn ló ń mọ ọmọ tó ń já bọ̀. Ta ló ń mọ bàbá? Lọ́dún tí ọmọ mi ọkùnrin kẹ́rù jáde nílé, tó ní ìmọ̀ràn mi ti sú òun, ọwọ́ Daedalus méjì péré ni mo mọ, àtàǹpàkò ń tẹ ìda mọ́ ìdí ìyẹ́ kan ṣoṣo. Kò sí oòrùn ńbẹ̀, kò sókun, kò sọ́mọ. Ọwọ́ ara mi ni mo ń wò mọ ọ́n, oríkèé tó wú, èékánná tí amọ̀ ti jẹ. Obìnrin kan dúró níwájú ẹ̀ títí, kò gbọ́ orúkọ Daedalus rí láyé ẹ̀, ó kàn ní ọwọ́ yẹn jọ ti bàbá òun lọ́jọ́ tí wọ́n ń bá òun di àpótí ilé ìwé. Mi ò sọ ìtàn kankan fún un. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Torí náà, kó o tó fọwọ́ kan amọ̀, bi ara ẹ léèrè: nínú ìtàn yìí, ta ni mí? Kì í sábàá jẹ́ ẹni tí wọ́n fi sọ orúkọ ìtàn. Ìbéèrè kejì: ìgbà wo nínú ìtàn ni ara mi mọ̀? Medusa tó ò ń mọ yẹn, ti ìparí ni, ìgbà tó ti di ẹ̀rù. Àmọ́ bí Ovid, akéwì ará Róòmù àtijọ́, ṣe sọ ọ́, ọmọbìnrin arẹwà ni tẹ́lẹ̀, òrìṣà òkun ló fipá bá a lò nínú tẹ́ńpìlì, wọ́n wá fìyà jẹ ẹ́ dípò ẹni tó ṣẹ̀, irun ẹ̀ di ejò. Ó dáa, àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́? Ó jí, ó fẹ́ fọwọ́ kan irun ẹ̀. Ọwọ́ ti ń lọ sókè, kò tíì débẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìwọ náà ti jí lọ́jọ́ kan rí tó o ò dá ara ẹ mọ̀ mọ́, èjìká ẹ á sọ fún ẹ bó ṣe máa rí, o ò nílò kó o mọ ejò kankan.

Ohun tí mo máa ń ní káwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi ṣe nìyí. Gé amọ̀ sí mẹ́wàá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju ìkúùkù lọ, kó o mọ ìran kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, má fi ojú sí i, má fi imú sí i, má fi ejò tàbí ìyẹ́ sí i. Ara nìkan. Bó ṣe dúró, bó ṣe tẹ̀, ibi tí ọrùn kọjú sí. Mẹ́fà àkọ́kọ́ á dà bí ohun tó o ti rí níbì kan, jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, ó ń tú jáde ni. Ní ìkeje ìkẹjọ, ó máa ń rẹ ọwọ́, ọwọ́ tó ti rẹ̀ kì í ráyè ṣe fújà mọ́, ìgbà yẹn lo máa rí i tí ọ̀kan máa jókòó bí ìwọ ṣe máa ń jókòó tí ẹnikẹ́ni ò bá sí nílé. Òun ni kó o mú. Lẹ́yìn yẹn tó bá wù ẹ́, fi àmì ìtàn kan padà sí i, ẹyọ kan, ejò kékeré kan lẹ́yìn etí tẹ́ni tó bá wò ó máa kọ́kọ́ rò pé irun ni.

Àti pé, ohun tó o fi ń ṣiṣẹ́ gan-an ti wà nínú ìtàn kí ìwọ tó dé o. Ọbàtálá fi amọ̀ mọ èèyàn. Ní Íjíbítì, Khnum olórí àgbò ló ń yí ọmọ lórí wíìlì amọ̀kòkò kí wọ́n tó fi sínú ìyá. Ní Ṣáínà, Nüwa fi ilẹ̀ pupa rúsúrúsú mọ èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi rẹ̀ ẹ́, ló bá ri okùn sínú ẹrẹ̀, ó ń jù ú káàkiri, gbogbo ẹ̀kán tó já sílẹ̀ di èèyàn. (Èmi mọ̀ pé ọmọ okùn ni mí, kò sẹ́ni tó fọwọ́ mọ èmi sùúrù.) Tó ò bá mọ ìtàn tó o fẹ́ mú, mú èyí tí ẹni tó ń mọ nǹkan wà nínú ẹ̀, o kúkú mọ bó ṣe ń rí lára.

Àǹtí, inú ń bí mi! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi mọ orí kan, orí obìnrin inú omi, mo fi sílẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin kó gbẹ, mo gbé e sínú kílìn, ìyẹn ààrò tí wọ́n ti ń sun amọ̀, ó bú gbàmù, ó tún fọ́ tẹlòmíì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹni yẹn ò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀ títí di òní. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ tó há sínú ẹ̀ ló fà á. Ṣé lóòótọ́? — Olórí Fífọ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo mọ ariwo yẹn, ikùn èèyàn ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́.

Afẹ́fẹ́ kọ́. Gbogbo èèyàn ló ń purọ́ mọ́ afẹ́fẹ́. Omi ni. Tí omi bá kù nínú amọ̀ tí iná sì dé dígírì 100, omi yẹn á di ooru, ooru sì ń fẹ́ àyè tó lé ní ìlọ́po 1,600 ohun tí omi ń gbà. Tó bá rójú ọ̀nà jáde díẹ̀díẹ̀, kò sí wàhálà. Tí amọ̀ bá ki, tí iná ń yára, kò rọ́nà, á lànà fúnra ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ yẹn, ara òde nìkan ló gbẹ, àárín ẹ̀ ṣì tutù bí ọjọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀. Mo tún fura pé ẹ ò gbẹ́ inú ẹ̀, àbí? Ẹ má bínú, odindi orí tí inú ẹ̀ kún dí, ìkòkò ìbínú ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹ mọ orí yẹn tán, ẹ jẹ́ kó le bí awọ bàtà, kó má tíì gbẹ, kó má sì rọ̀ mọ́. Ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gé àtàrí kúrò bí ìdérí ìkòkò, ẹ gba ibẹ̀ gbẹ́ inú títí ara ẹ̀ máa fi nípọn bí ìka ọwọ́ kan, kí ibi gbogbo sì dọ́gba, torí ibi tó ki lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó fẹ́lẹ́ ni wọ́n ti máa ń ya. Ẹ fi fọ́ọ̀kì ha ojú méjèèjì, ẹ fi amọ̀ olómi kùn ún, ẹ dé àtàrí padà. Kẹ́ ẹ wá dá ihò síbì kan, abẹ́ ọrùn, inú etí, ibi tó bá wù yín. Tẹ́ ẹ bá wo ère amọ̀ Nok ti Nàìjíríà níbí, tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, ẹ máa rí i pé ẹyinjú wọn dá lu, ihò imú dá lu, inú ère sì ṣófo. Ojú yẹn rẹwà, ó sì tún jẹ́ kí ooru rọ́nà jáde. Haniwa, ère amọ̀ àwọn ará Jàpáànì àtijọ́, tí wọ́n ń tò sórí ibojì àwọn èèyàn ńlá, ihò ni ojú tiwọn náà. Àwọn ológun amọ̀ ti Ṣáínà, èyí tí àwọn àgbẹ̀ tó ń gbẹ́ kànga já lé lórí lọ́dún 1974, inú ara wọn ṣófo, ọ̀tọ̀ ni wọ́n mọ orí kí wọ́n tó fi sórí ọrùn. Torí náà ẹni tó ní gígé orí ère ń ba àwòrán jẹ́, ẹ ní kó lọ bá ọba Ṣáínà sọ ọ́.

Gbígbẹ ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán fún orí tó tó ti èèyàn, ẹ fi ọ̀rá bò ó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ di etí àti imú lọ́tọ̀ torí àwọn ló ń yára gbẹ. Ẹ gbé e sẹ́rẹ̀kẹ́: tó bá tutù sí yín lára, omi wà níbẹ̀. Tó bá wọ kílìn, ẹ gbé iná sí dígírì 80 tàbí 90, ẹ fi sùn mọ́jú. Ẹ tún rọra lọ́wọ́ dígírì 573, ní gígòkè àti ní sísọ̀kalẹ̀, torí quartz, irú òkúta kan tó wà nínú amọ̀, máa ń wú lójijì níbẹ̀ tí iná bá ń gòkè, á sì fún lójijì tí iná bá ń sọ̀ kalẹ̀, ìgbà tó bá ń tutù ni orí ńlá máa ń sán jù. Ẹ sì wá amọ̀ tí wọ́n ti po amọ̀ sísun tó fọ́ wẹ́wẹ́ mọ́, ó ń jẹ́ kó mí, kì í sì í fún jù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi nǹkan gbé e ró nínú, níúsípépà ni kẹ́ ẹ ká síbẹ̀, á jóná kúrò, ẹ má fi wáyà síbẹ̀ o, amọ̀ ń fún, wáyà kì í fún, amọ̀ ló máa ya.

Kẹ́ ẹ lè tújú ká: níbì kan tó ń jẹ́ Dolní Věstonice, ní orílẹ̀-èdè Czech, wọ́n rí ère obìnrin kékeré kan lọ́dún 1925, gígùn ẹ̀ ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 11 lọ, ó ti lé ní ẹgbàá mẹ́wàá ọdún dáadáa, ó wà lára amọ̀ sísun tó pẹ́ jù tí ẹnikẹ́ni mọ̀ láyé. Ìtẹ̀ka ọmọdé kan wà lára ẹ̀. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ni pé àìmọye ère kéékèèké míì ló wà ńbẹ̀ tó jẹ́ pé àfọ́kù lásán ni, wọ́n bú nínú iná, àwọn onímọ̀ kan tiẹ̀ ní ó jọ pé ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ju amọ̀ tútù síná kó lè bú, pé bóyá ariwo yẹn gan-an ni wọ́n ń fẹ́. Àjàlá tó ń mọ orí lọ́run náà ńkọ́? Ìtàn sọ pé ọ̀pọ̀ orí tó wà nílé ẹ̀ ni iná ò jó dénú, ó dáa lójú, àmọ́ òjò pa á lọ́nà ayé, ó ń rẹ́ dànù lórí ẹni tó mú un. Afùwàpẹ́ nìkan ló gbé orí tó jiná délé ayé. Ẹ wò ó, èmi ní tiyín ì bá kó àfọ́kù orí yẹn, n ò ní dà á nù. Obìnrin inú omi tó bú gbàmù torí omi tó wà nínú ẹ̀! Ta ló fẹ́ bá yín ronú kan irú ẹ̀?

Ẹ káàsán mà. Wíìlì nìkan ni mo mọ̀ ọ́n lò, mi ò lè mọ èèyàn. Ṣé ìkòkò lásán lè sọ ìtàn? — Oníwíìlì

Kí ló dé tẹ́ ẹ ń pè é ní lásán? Ẹnu ń bẹ lára ìkòkò, ọrùn ń bẹ, èjìká ń bẹ, ikùn ń bẹ, ìdí ń bẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ò lè mọ èèyàn, kí lẹ ti ń mọ látọdún yìí?

Ẹ lọ wo iṣẹ́ Magdalene Odundo, amọ̀kòkò obìnrin kan, wọ́n bí i ní Kẹ́ńyà lọ́dún 1950, kì í yí tiẹ̀ lórí wíìlì o, ọwọ́ ló fi ń gbé e ró díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, á fi nǹkan dán an títí á fi máa kọ mànà, kò sí ojú, kò sí apá, àmọ́ ẹ máa rí i pé obìnrin tó gbé ọrùn sọ́tùn-ún díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́yìn ni. Àwọn Moche, ẹ̀yà àtijọ́ kan ní Perú, ní tiwọn sọ ìkòkò omi di odindi orí èèyàn, ojú rẹ́múrẹ́mú, kì í ṣe orí ẹnikẹ́ni ṣáá, ẹ máa rò pé ẹ ti bá ẹni yẹn pàdé rí. Picasso, ayàwòrán ńlá nì, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ amọ̀ ní Vallauris lórílẹ̀-èdè Faransé lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ìkòkò tẹ́lòmíì yí lórí wíìlì ló máa ń gbà nígbà tó ṣì tutù, á tẹ̀ ẹ́ níbàdí, á fún ọrùn ẹ̀, ó di obìnrin nìyẹn. Ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ lónìí, ẹ yí ìgò gígùn kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kejì ẹ dúró wò ó ná.

Tó bá jẹ́ ìtàn lẹ ń wá, èyí tó bá wíìlì mu jù ni ti Pandora. Àwọn òrìṣà Gíríìkì fi amọ̀ mọ ọ́n láti fi fìyà jẹ aráyé, ohun tí gbogbo ibi sì wà nínú ẹ̀ tó ṣí, àpótí kọ́ o! Ìkòkò ńlá ni, irú èyí tí wọ́n ń kó òróró àti ọkà sí. Erasmus, ọ̀mọ̀wé kan ní Yúróòpù, ló túmọ̀ ẹ̀ gbòdì ní nǹkan bíi 500 ọdún sẹ́yìn, ló bá di àpótí lẹ́nu gbogbo ayé. Ẹ gbọ́ ná, obìnrin amọ̀ ń ṣí ìkòkò amọ̀, ìrètí nìkan ló kù sísàlẹ̀. Kí lẹ fẹ́ fi ojú àti imú ṣe níbẹ̀? Ìkòkò kan tí ìdérí ẹ̀ ò fẹ́ dé dáadáa ti tó.

Ẹ̀sìn mi ò gbà kí n mọ òrìṣà. Ọ̀rẹ́ mi kan náà tún ní mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti mú ìtàn ẹ̀yà míì. Kí ni kí n ṣe?

Ti àkọ́kọ́, ìwọ lo mọ ohun tí ọkàn ẹ gbé, mi ò ní bá ẹ jà lé e lórí. Àmọ́ mo rò pé ère tí wọ́n ń bọ ọ̀tọ̀, ère tí wọ́n fi ń ro nǹkan ọ̀tọ̀. Tí ọkàn ẹ ò bá balẹ̀, mọ èèyàn inú ìtàn, má mọ òrìṣà. Ìyàwó Lọ́ọ̀tì tó bojú wẹ̀yìn tó di ọ̀wọ̀n iyọ̀, mo ti ń retí ẹni tó máa fi gíléèsì funfun, ohun dídán tí wọ́n ń kùn sára amọ̀, ṣe obìnrin yẹn dáadáa látọjọ́ yìí.

Ti ìkejì, ọ̀rẹ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu díẹ̀. Òrìṣà tí kò sẹ́ni tó ń bọ ọ́ mọ́ àtèyí táwọn èèyàn ń kúnlẹ̀ fún láàárọ̀ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣì ń bọ, lọ jókòó ti àwọn tó ni ín, béèrè ohun tí àmì kọ̀ọ̀kan jẹ́, àwọn nǹkan kan wà tí wọn kì í fi hàn fójú gbogbo ayé, fi ìyẹn sílẹ̀. Má sì fi ṣe àwo eérú sìgá. Mo ti rí i rí, ojú tì mí fẹ́ni tó ṣe é.

Àǹtí mi, mo fi gíléèsì kun ojú ère mi, ó jáde dídán bíi jígí, ìpéǹpéjú ti rì, ètè ti rì. Kí ni mo ṣe?

O kùn ún nípọn jù ni. Gíléèsì gíláàsì ni, yíyọ́ ló ń yọ́, ibi tó bá jìn ló ń ṣàn lọ, ibi tó jìn yẹn sì ni ìpéǹpéjú ẹ wà. Fún ojú èèyàn, fi gíléèsì sílẹ̀. Po ọ́sáìdì irin mọ́ omi, ìyẹn ohun pupa tó ń wà lára irin tó ti dípẹtà, fi kun gbogbo ojú lẹ́yìn tó o ti sun ún lẹ́ẹ̀kan, kó o wá fi kàìnkàìn tútù nù ún kúrò. Á dúró nínú àwọn ibi tó jìn, á kúrò níbi tó yọ, gbogbo ìlà tó o fìyà jẹ ara ẹ mọ á wá là kedere. Ọ́sáìdì mànǹganíìsì ń ṣe é dúdú ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ májèlé ni eruku àti èéfín ẹ̀, fi ìbòmú sí, má sun ún níbi tí atẹ́gùn ò ti fẹ́. Má sì gbé ère tó o fi amọ̀ pupa mọ lọ sí dígírì 1,250 torí pé àwọ̀ kan wù ẹ́, orí á tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń tòògbé, ọ̀pọ̀ amọ̀ pupa ò lè gba ju nǹkan bí 1,100 lọ.

Ọmọ mi, mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìyàwó mi kú lọ́dún tó kọjá. Ọmọ wa obìnrin ló ra amọ̀ fún mi pé kí n máa fi nǹkan ṣe lọ́wọ́, mo wá fẹ́ mọ ìyá wọn. Mi ò kọ́ àwòrán rí. Gbogbo ojú tí mo ń mọ ló ń jọ ọ̀bọ. Ṣé kí n fi sílẹ̀ ni?

Ẹ má fi sílẹ̀, bàbá. Ẹ kú ará fẹ́ra kù, sà.

Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn kan fún yín, torí ìtàn yín ni. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní amọ̀kòkò kan wà ní Kọ́ríńtì tó ń jẹ́ Butades. Ọmọ ẹ̀ obìnrin fẹ́ràn ọmọkùnrin kan tó fẹ́ rìnrìn àjò lọ sókèèrè. Lálẹ́ ọjọ́ kan, fìtílà ń tàn, òjìji ojú ọmọkùnrin yẹn hàn lára ògiri, ọmọbìnrin yìí bá fi nǹkan fa ìlà yí òjìji náà ká. Bàbá rí i. Kò bá ọmọ wí, amọ̀ ló mú, ó fi kún àárín ìlà yẹn, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó yọ ọ́, ó sun ún pẹ̀lú ìkòkò ẹ̀. Wọ́n ní bí èèyàn ṣe kọ́kọ́ fi amọ̀ ya ojú ẹlòmíì nìyẹn, kì í ṣe tọba, kì í ṣe tòrìṣà, ti ẹni tó ń lọ ni.

Torí náà ẹ má tíì mọ odindi orí. Ẹ wá fọ́tò màmá tí wọ́n ti kọ ẹ̀gbẹ́ síni, kí ọmọ yín bá yín tẹ̀ ẹ́ jáde kó tóbi bí ojú èèyàn. Ẹ tẹ́ amọ̀ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́ ṣe nípọn, ẹ gbé bébà lé e, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún ìlà ojú náà látiwájú orí dé ọrùn, ẹ ká bébà kúrò, kẹ́ ẹ máa fi amọ̀ kéékèèké bu sáàárín ìlà. Ibi tó yọ jù, ẹ̀rẹ̀kẹ́, iwájú orí, ẹ bu púpọ̀ sí i. Ìlà iwájú orí, imú, ètè àti àgbọ̀n, ibẹ̀ gan-an ni ojú èèyàn ti ń jọ ara ẹ̀, ẹ ò sì ní ṣìnà torí ẹ ti gún un tẹ́lẹ̀.

Tó bá yá tẹ́ ẹ wá fẹ́ mọ odindi, ẹ mọ̀ pé ohun tó ń sọ ojú di ọ̀bọ ni pé ẹ gbé ẹyinjú sókè jù. Ẹ wọn ojú ara yín nínú jígí: ẹyinjú wà láàárín gbùngbùn, bó ṣe jìnnà sí àtàrí ló ṣe jìnnà sí àgbọ̀n, gbogbo wa la máa ń gbàgbé pé iwájú orí àti irun ga tó yẹn. Ti ara, odindi àgbàlagbà máa ń tó orí méje àbọ̀ ní gíga, àmọ́ ẹ má jẹ́ kíyẹn dè yín. Àwọn tó mọ àwọn ère Ifẹ̀, àwọn náà mọ ojú èèyàn débi pé ẹ máa fẹ́ kí i, síbẹ̀ àwọn ère tó dúró lódindi, orí ń kó bí ìdá mẹ́rin gíga wọn, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Tó bá jẹ́ ọwọ́ màmá lẹ rántí jù, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ tóbi. Tẹ́yin bá sì ń bẹ̀rù ẹyinjú, ẹ fi sílẹ̀. Simone Leigh, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó gba àmì ẹ̀yẹ Golden Lion níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá tó ń wáyé ní Venice lọ́dún 2022, amọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń mọ ò lẹ́yinjú rárá, ibẹ̀ kàn tẹ́jú ni, kò sì sẹ́ni tó ní wọn ò pé. Bó ṣe máa ń gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀ tí kò gbà gbọ́, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ yẹn, bàbá. Kò sí nínú fọ́tò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti pẹrẹsẹ yẹn ná. Ẹ fi níúsípépà tẹ́ ẹ, ẹ gbé páákó pẹlẹbẹ lé etí ẹ̀ kó má ká sókè bó ṣe ń gbẹ, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀. Kẹ́ ẹ má sì gbàgbé láti dá ihò méjì sókè nígbà tó ṣì rọ̀, kẹ́ ẹ lè rí okùn kì bọ̀ ọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e kọ́. Ẹ dá a kó fẹ̀ díẹ̀ o, iná á sún un pọ̀.